ODI ÀTI YÀRÀ NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ: ERÉDÒ ṢÙǸGBỌ́, ÌTÀN ÀTẸNUDẸ́NU ÀTI Ẹ̀RÍ INÚ ILẸ̀

Ìfáárà

Ètò ààbò ìlú láyé àtijọ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orí-ọ̀rọ̀ àṣà tí olùkọ́ èdè Yorùbá kò lè ṣàìkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Bí ó ti sábà máa ń rí ni pé olùkọ́ á kọ odi, yàrà, ibodè, oníbodè àti ẹ̀ṣọ́ sí ojú pátákó, yóò ṣe àlàyé ṣókí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, agogo á sì lù. Ọmọ tí a bí tí a sì tọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lè gba gbogbo máàkì tí ó wà lórí ẹ̀kọ́ yìí láìmọ ohun tí odi jẹ́ ní ti gidi. Ilẹ̀ Àwórì ni Ẹ̀gbẹ́dá, ṣùgbọ́n ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n to àfọ́kù ìgò sí lórí ni odi tí ọmọ náà mọ̀; kòtò ẹ̀bá títì sì ni yàrà tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, nínú Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan lára àwọn yàrà tí ó gùn jù lọ tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ gbẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà ń gba inú igbó kọjá lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Erédò ni wọ́n ń pè é. Ìlú kan wà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti fi í sọ ọ̀kan lára àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Bílíkísù Ṣùǹgbọ́ ni ó mú kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé obìnrin yìí gan-an ni ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì ọba. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà wò mú ọjọ́ orí mìíràn wá. Àwọn ọjọ́ orí méjèèjì yìí kò bára mu rárá, ó sì di dandan kí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi ní ìbéèrè mọ èsì tí yóò fún un. Orí ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Odi àti Yàrà: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Náà Dúró Fún

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àkọ́kà, odi àti yàrà ni a máa ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ojú iṣẹ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ilẹ̀ tí a wú láti inú yàrà ni a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó di odi. Bí yàrà bá ṣe ń jìn sí i ni odi ń ga sí i. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń bọ̀ láti ìta fi ní láti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò kí ó tó lè máa pọ́n òkè, nígbà tí ẹni tí ń ṣọ́ ìlú wà lókè tí ó ń wò ó. Odi sì sábà máa ń wà ní ìhà inú, yàrà ní ìhà ìta. Ẹni tí ó bá di èyí mú lè dé ibi ahoro ìlú kan kí ó sì mọ ìhà tí ìlú wà láìbi ẹnikẹ́ni.

Johnson (1921) ṣe àlàyé tí ó kún lórí bí àwọn ìlú Yorùbá ṣe ń dáàbò bo ara wọn. Ó ní yàrà jíjìn ni wọ́n ń gbẹ́ yí ìlú po lẹ́yìn odi. Àwọn ìlú tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́ṣin lè já lù lójijì, tún máa ń dá igbó kan sí tí a mọ̀ sí igbó ilé. Bí wọ́n bá mọ odi kejì yí igbó náà ká, odi àmọlà ni wọ́n ń pè é, ìyẹn odi tí a mọ kí a lè là. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí gbé èrò àwọn tí ó mọ ọ́n wá sí gbangba ju àlàyé gígùn lọ. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1836 sí 1837, àwọn odi bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú igbó, tí Soper àti Darling (1980) sì yà wọ́n sórí máàpù. Àwọn odi Ilé-Ifẹ̀ náà ti wà lórí máàpù láti ọwọ́ Ozanne (1969).

Ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ni àwọn odi wọ̀nyí yí ká. Erédò yàtọ̀ ní ti pé odindi ìjọba ni ó yí ká.

Erédò Gẹ́gẹ́ Bí Ó Ti Wà

Gígùn Erédò ju kìlómítà 160 lọ. Ó yí ilẹ̀ ìjọba Ìjẹ̀bú àtijọ́ po bí òrùka tí kò rí róbótó, tí ìbú rẹ̀ láti àríwá sí gúúsù tó nǹkan bí kìlómítà 40. Ìjẹ̀bú-Òde wà láàárín rẹ̀. Ní àwọn ibi tí ó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó odi tó mítà 20, èyí tí ó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Inú ilẹ̀ pupa, èyí tí ó ń le di yangí bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ohun tí ó jẹ́ kí ògiri rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán tí ó sì dán di òní nìyẹn. Ewéko wẹ́wẹ́ ti bo ògiri náà, àwọn igi ńlá ti hù sí bèbè rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, ẹ̀ka wọn sì ti kanra lókè, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń rìn ní ìsàlẹ̀ dà bí ẹni tí ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ní àwọn ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ irà ni, yàrà náà kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀.

P. C. Lloyd ni ó kọ́kọ́ kọ àpilẹ̀kọ tí ó dá lé Erédò nìkan, nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní ọdún 1959. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Patrick Darling, ẹni tí ó ti lo ọdún púpọ̀ lórí àwọn yàrà ilẹ̀ Bìní, ni ó padà wọ inú igbó náà ní àwọn ọdún 1990, tí ó rìn yí i ká tí ó sì yà á sórí máàpù. Ní ọdún 1995, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi Erédò àti yàrà Bìní pọ̀ sínú àkójọ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ohun ìní gbogbo ayé. Ní ọdún 1999 ni ìròyìn rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè kan. Kì í ṣe yàrà gan-an ni ó mú ìròyìn náà gbilẹ̀ bí kò ṣe orúkọ ọbabìnrin Ṣébà.

Ta Ni Ṣùǹgbọ́?

Ìtàn tí àwọn Ìjẹ̀bú ń sọ ni pé Bílíkísù Ṣùǹgbọ́ jẹ́ opó tí ó ní ọrọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kò bímọ. Nítorí pé kò ní ọmọ tí yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú, ó kó àwọn ènìyàn jọ láti gbẹ́ yàrà tí yóò máa rántí rẹ̀ títí láé. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn olùjọ́sìn láti inú ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti máa ń lọ gbàdúrà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí pẹ̀lú etí Yorùbá yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn ogun. Kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀, kò sí ìsàgatì. Ìtàn nípa ọmọ ni. Nínú àwùjọ tí ọmọ ti jẹ́ ọwọ̀n iyì, ìtàn náà ń bèèrè ohun tí ọrọ̀ lè ṣe fún ẹni tí kò bí, ó sì dáhùn pé ó lè sọ ilẹ̀ pàápàá di ọmọ. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí àríyànjiyàn lórí ọdún.

Ní ti ọbabìnrin Ṣébà, ìtàn rẹ̀ wà nínú Bíbélì, Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 10, ó sì wà nínú Al-Kùránì, Súrà 27. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú èyíkéyìí nínú ìwé mímọ́ méjèèjì. Inú àlàyé àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ni orúkọ Bilqis ti jẹ yọ, òun náà ni ó di Bílíkísù lẹ́nu Yorùbá. Ọ̀rúndún kẹwàá kí a tó bí Jésù ni a máa ń ka ìjọba Sólómọ́nì sí. Bí òun bá ni ó gbẹ́ Erédò, a jẹ́ pé yàrà náà yóò ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún.

Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Jẹ́rìí

Báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí kòtò? Ìkòkò ní àmì ara, igi ní òrùka inú, ṣùgbọ́n kòtò jẹ́ àyè òfìfo. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé láìsí i, ọ̀rọ̀ awalẹ̀pìtàn yóò dà bí àsọtẹ́lẹ̀ lójú ọmọ kíláàsì.

Kò sí ibi tí a kò ti lè fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn, kódà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ kó ọmọ lọ wo ẹ̀gbẹ́ kòtò náà láti òkèèrè tí kò léwu. Wọn yóò rí i pé ilẹ̀ wà ní ìpele-ìpele: yanrìn tí wọ́n dà láìpẹ́ wà lókè, ìdọ̀tí àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ti dá oko rí, kí ó tó kan ilẹ̀ pupa tí ọwọ́ kò kàn. Bí wọ́n bá rí kọ́bọ̀ kan lábẹ́ ìpele yanrìn náà, wọn yóò mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè da yanrìn yẹn kí ó tó di ọdún 1973, nítorí pé ọdún náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà àti kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ náà kò sọ ọdún tí wọ́n da yanrìn. Ohun tí ó sọ ni ọdún tí kò lè ṣáájú. Bí ilé kan bá wá dúró lórí yanrìn yẹn, tí ìwé ilé sì fi hàn pé ọdún 1988 ni wọ́n kọ́ ọ, a ti há yanrìn mọ́ àárín ọdún méjì: kò ṣáájú 1973, kò sì kọjá 1988.

Bí awalẹ̀pìtàn ṣe ń há yàrà mọ́ nìyẹn. Lábẹ́ odi, ilẹ̀ àtijọ́ tí àwọn agbẹ́yàrà dúró lé lórí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, tí òkìtì ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Èédú tàbí àpáàdì tí a bá rí lórí ilẹ̀ yẹn ti wà kí odi tó wà. Ní ìsàlẹ̀ yàrà ẹ̀wẹ̀, ẹrẹ̀ tí òjò ń wọ́ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún ti gbá jọ. Ohun tí a bá rí nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá ti bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán. Àárín ẹ̀rí méjèèjì yìí ni iṣẹ́ gbígbẹ́ wà.

Èédú ni ó wúlò jù nínú wọn, nítorí ọ̀nà tí Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1940. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, igi, ẹranko àti ènìyàn, ni ó ń gba oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14 sára láti inú afẹ́fẹ́ tàbí oúnjẹ. Bí ó bá ti kú, kò gba òmíràn mọ́. Èyí tí ó wà lára rẹ̀ yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi ku ìdajì lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730. Bí a bá wọn èyí tí ó ṣẹ́ kù, a ó lè ṣírò ìgbà tí igi náà kú. Èsì kì í jẹ́ ọdún kan pàtó, a máa jẹ́ láti ọdún báyìí sí ọdún báyìí. Ọgbọ́n kan sì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a má gbàgbé: ọjọ́ tí igi kú ni èédú ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ yàrà. Bí àgbẹ̀ kan bá ti jó oko níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún ṣáájú, tí odi sì wá bo eérú rẹ̀, ẹni tí ó bá kánjú yóò fi ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún kún ọjọ́ orí odi náà. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí ó sì wá láti ibi púpọ̀.

Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí Erédò nínú àwọn ọdún 2010. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 ni pé nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ yàrà náà. Èyí fi hàn pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ìran kan gbé fún ìran kejì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn tí ó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè ti rí òpin rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò ti inú ilẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, atukọ̀ ará Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ̀wé pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, tí olórí rẹ̀ nígbà náà sì ń jẹ́ Agusale. Etí Ìjẹ̀bú kò nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ó ní ẹrú ni wọ́n ń tà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi òrùka idẹ ńláńlá rà, àti eyín erin díẹ̀. A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ìlú ni ó sọ pé yàrà yí ká, kò sọ pé ìjọba, Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀ sì ní odi tirẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣe kedere pé nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú, orúkọ yàrà ni ó tẹ̀lé e.

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ó lé ọ̀ọ́dúnrún ni ó wà láàárín Sólómọ́nì àti àwọn agbẹ́yàrà wọ̀nyí. Kò sí bí a ṣe lè fa okùn kan tí yóò so wọ́n pọ̀.

Ìlú Onígi ní Ilẹ̀ Síkítíà

Ilẹ̀ Yorùbá nìkan kọ́ ni ìtàn àti ilẹ̀ ti ń wojú ara wọn báyìí. Ní ọ̀rúndún karùn-ún kí a tó bí Jésù, Herodotus, òpìtàn ará Gíríìkì, kọ̀wé nípa ìlú kan tí ń jẹ́ Gelonus, ní àríwá Òkun Dúdú, ní ìhà ilẹ̀ àwọn Síkítíà tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ó ní igi ni wọ́n fi mọ odi rẹ̀, igi ni wọ́n fi kọ́ ilé rẹ̀, tí ó fi dé ojúbọ òrìṣà. Ó ní ọmọ Gíríìkì tí ó ṣí kúrò ní àwọn ìlú ọjà etí òkun ni àwọn ará ibẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, àti pé èdè ẹnu wọn ti di àdàlù èdè Gíríìkì àti ti Síkítíà. Ọ̀pọ̀ ni ó ka ọ̀rọ̀ yìí sí àlọ́.

Ní ọdún 1958, Boris Shramko bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ahoro kan ní Bilsk, lẹ́bàá odò Vorskla ní ilẹ̀ Ukraine. Odi tí ó wà níbẹ̀ gùn tó nǹkan bí kìlómítà 33, ó sì yí àwọn odi kéékèèké mìíràn ká. Nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n ti rí àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ru wáìnì wá láti ilẹ̀ Gíríìkì, pẹ̀lú àwọn ohun èlò àwọn ará ibẹ̀. Shramko sọ pé Gelonus ni. Àwọn onímọ̀ kan gbà, àwọn mìíràn kò gbà. Ohun tí kò sí ẹni tí ó lè jà sí ni pé odi ńlá wà ní ibi tí Herodotus darí ọwọ́ sí, àti pé ọjà láàárín ẹ̀yà méjì ti wáyé níbẹ̀. Bí ó bá ṣi orúkọ ìlú náà mú pàápàá, kò purọ́ nípa irú ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Herodotus sílẹ̀, kò sì yí padà mọ́. Ìtàn Ṣùǹgbọ́ ń gbé lórí ahọ́n, ahọ́n kì í sì í dúró sójú kan.

Ìpele Inú Ìtàn

Bí ilẹ̀ ṣe ní ìpele ni ìtàn náà ní. Èyí ni kókó tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá mú jáde nínú ọ̀rọ̀ Erédò, nítorí pé awalẹ̀pìtàn kò ní bá a ṣe é.

Orúkọ obìnrin náà pín sí méjì. Ṣùǹgbọ́ ni ó so mọ́ yàrà. Bílíkísù ni ó so mọ́ Ṣébà. Bílíkísù kò lè wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣáájú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀sìn yìí kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892 ni ẹ̀sìn náà àti ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì gbilẹ̀ kíákíá. Ó bọ́gbọ́n mu, nígbà náà, láti ka Bílíkísù sí ìpele òkè nínú ìtàn, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti jẹ́ ìpele òkè nínú ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn tí ó fi í kún un kò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ní obìnrin ọlọ́lá kan nínú ìtàn ìlú wọn, wọ́n ka ìwé mímọ́, wọ́n rí obìnrin ọlọ́lá kan níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn ṣe ń fi ohun tuntun wé ohun tí ó ti mọ̀ nìyẹn.

Tí a bá ṣí ìpele yìí kúrò, ohun tí ó kù lábẹ́ rẹ̀ ni pé obìnrin kan ní agbára láti kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sídìí iṣẹ́ ńlá. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìtàn sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó mú kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà; àpáàdì tí wọ́n tẹ́ náà sì wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń hú u. Ìlú méjì tí kò sí nítòsí ara wọn fi orúkọ obìnrin sórí iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí ilẹ̀ wọn gbé. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ pé ọkùnrin nìkan ni ó ń pàṣẹ láyé àtijọ́ ti ṣi ọ̀rọ̀ ìtàn gbọ́.

Iṣẹ́ Ọwọ́ Ta Ni, Fún Kí Ni?

Ìṣirò tí ó ti inú iṣẹ́ Darling jáde ni pé ilẹ̀ tí wọ́n hú nínú Erédò tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́ta mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan sí ọmọ kíláàsì àfi bí a bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ká ní ènìyàn kan lè fi ọkọ́ àti agbọ̀n hú mítà onígun mẹ́ta kan lóòjọ́ kí ó sì gbé e gòkè odi. Bí 5,000 ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, 700 ọjọ́ ni wọn yóò fi parí rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò fi oko sílẹ̀ nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá jẹ́ ọgọ́fà ọjọ́, ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́fà ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Àpẹẹrẹ kíláàsì lásán ni èyí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí irú ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà ronú: Graham Connah, tí ó gbẹ́ odi inú ìlú Bìní wò ní àwọn ọdún 1960, náà fi iye 5,000 òṣìṣẹ́ ṣe ìṣirò ẹ̀ẹ̀rùn kan.

Àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀lé ìṣirò yìí ni ó dùn jù. Ta ni ó ń se oúnjẹ fún 5,000 ènìyàn? Alágbẹ̀dẹ mélòó ni yóò máa tún ọkọ́ wọn rọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ nípa àáró àti ọ̀wẹ̀ yóò mọ̀ pé àáró kò lè ṣe é, nítorí pé láàárín ojúgbà mélòó kan ni àáró ti ń wáyé. Ọ̀wẹ̀ lè ṣe é, bí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ bá lágbára tó, tàbí kí ó jẹ́ àṣẹ láti òkè. Ó máa ń wu ènìyàn láti dárúkọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí ẹwà rẹ̀ ń hàn lọ́dọọdún ní Ojúde Ọba, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a gbé ètò tí a ń fi ojú rí lónìí ka orí àwọn ará ọdún 1400 láìní ẹ̀rí.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe, èrò kò ṣọ̀kan. Kò sí ọmọ ogun tí ó lè tò sórí odi tí ó gùn ju kìlómítà 160 lọ. Ogun tí ó bá rí àyè kan tí kò sí ẹ̀ṣọ́ yóò gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, àwọn kan gbà pé ààlà ni, tí ó ń sọ fún àlejò pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó fẹ́ tẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ogun sílẹ̀ pátápátá. Àwọn tí ó ń jí ènìyàn gbé kì í fẹ́ ibi tí wọn yóò ti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó gòkè pẹ̀lú ẹrù àti ẹrú. Yàrà tí kò lè dá ogun dúró lè dá olè dúró, ó sì lè mú kí gbogbo ọjà gba ibodè kọjá, níbi tí oníbodè ti ń gbowó. Chouin (2018) tún ti gbé ìbéèrè dìde bóyá àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti ọ̀rúndún kẹrìnlá, tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù, dé ilẹ̀ wa, nítorí pé àwọn ìlú olódi kan di ahoro ní àkókò náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn agbẹ́yàrà Ìjẹ̀bú jẹ́ ènìyàn tí ń tún ayé tò lẹ́yìn ìparun. Àbá ni èyí ṣì jẹ́, àbá ni kí olùkọ́ sì pè é nínú kíláàsì.

Erédò Nínú Kíláàsì

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè bóyá ọbabìnrin Ṣébà ni ó gbẹ́ Erédò, ìdáhùn tí ó tọ́ ni bẹ́ẹ̀ kọ́, pẹ̀lú àlàyé bí a ṣe mọ̀. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nítorí pé ó bu iyì kún ìran Yorùbá ń já iyì náà gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Bí yàrà náà bá jẹ́ ti àlejò láti ilẹ̀ Lárúbáwá, kí ni ti àwọn Ìjẹ̀bú nínú rẹ̀? Ẹ̀rí inú ilẹ̀ ni ó dá iṣẹ́ padà fún àwọn tí ó ṣe é. Bákan náà ni olùkọ́ tí ó bá ní irọ́ lásán ni ìtàn Ṣùǹgbọ́ ń ju ìpele ìsàlẹ̀ nù pọ̀ mọ́ ti òkè.

Fún àwọn tí ó bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ọ̀nà láti Ẹ̀gbẹ́dá kò ṣòro: Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ìhà Ìjẹ̀bú-Òde. Kí wọ́n gba ààyè lọ́wọ́ baálẹ̀, kí wọ́n sì mú afinimọ̀nà tí ó mọ ibẹ̀, nítorí pé ejò wà nínú yàrà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì máa ń yọ̀ nígbà òjò. Kí wọ́n má pẹ́ jù kí wọ́n tó lọ. Ọ̀nà ọkọ̀ ti gé Erédò kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn onílé ń dí i kọ́lé, àwọn tí ń fi típà kó ilẹ̀ pupa sì ń mú nínú odi, nítorí pé ilẹ̀ tí a ti wú rí rọrùn láti kó. Ibi tí katapílà bá ti kọjá, èédú abẹ́ odi àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yàrà ti dàpọ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi tún wọn yà.

Ní ibi tí ó ṣì dúró, kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n wo òkè ní ìhà méjèèjì. Kí ó wá bi wọ́n pé ìhà wo ni Ìjẹ̀bú wà. Ìhà tí ó ga jù ni.